Ọwọ́ Ọmọdé Ò Tó Pẹpẹ: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹni Tó Ń Bá Ọ̀dọ́ Ṣiṣẹ́ Mọ̀ Ọ́n Ṣe

Ẹni tó wà nínú dánfó tó ń gbọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di fóònù yín mú dáadáa. Ẹni tó jẹ́ pé kíkà ló wù ú ju gbígbọ́ lọ, ẹ̀yin náà ẹ káàbọ̀. Ohun tí mo sọ lórí ètò náà la kọ sílẹ̀ síbí.

Lónìí, àwọn tó ń bá ọ̀dọ́ ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe tíṣà ilé ìwé nìkan ni mo ní lọ́kàn o. Kóòṣì tó ń kó àwọn ọmọ jọ sórí pápá ní ìrọ̀lẹ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ wọn ní lẹ́sìnnì wà níbẹ̀. Ọ̀gá télọ̀, ọ̀gá onígbàjámọ̀, ọ̀gá mẹkáníìkì tó ní ọmọ iṣẹ́ 3, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ilé kéwú, àgùnbánirọ̀ tí ìjọba gbé lọ sí ilé ìwé girama láti kọ́ wọn ní ìṣirò. Púpọ̀ nínú yín kò ju ọmọ ọdún 22 tàbí 25 lọ. Ẹ̀yin náà ṣì ń wá ọ̀nà tiyín, àmọ́ ọmọ kan ti ń pè yín ní bọ̀ọ̀dá tàbí àǹtí, ó sì ti ń wo ojú yín kó tó ṣe nǹkan.

Ọdún 9 rèé tí mo ti ń wà pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún 13 sí 18 ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, nínú kíláàsì kan tí a yá lò ní Agége. A ń kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà, a ń bá wọn ṣe iṣẹ́ ilé ìwé, a jọ ń jẹun, a sì jọ ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ra wa lọ́wọ́. Ohun tí mo rí ni pé ìfẹ́ ọmọ nìkan kò tó iṣẹ́ yìí ṣe. Èèyàn lè fẹ́ràn ọmọ kó sì bà á jẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ni bí iṣẹ́ ọwọ́ yòókù: ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, èèyàn sì lè kọ́ ọ.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. A máa ń pa òwe yìí bíi pé ọmọ nìkan ló nílò àgbà. Ẹ tún un gbọ́. Ohun kan wà nínú kèrègbè tí ọwọ́ àgbà kò lè wọlé lọ mú, àfi kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ mú un jáde. Iṣẹ́ wa ni ká jẹ́ ẹni tí ọmọ lè mú un jáde fún. Ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀ ní ìpele-ìpele.

Àkọ́kọ́: ẹ mọ ẹni tó wà níwájú yín

Ta là ń pè ní ọ̀dọ́ gan-an? Ó kù sí ẹni tí ẹ bá bi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọmọ ọdún 10 sí 19 ni ọ̀dọ́langba. Ìlànà ìjọba Nàìjíríà lórí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2009, ka ọ̀dọ́ láti ọdún 18 dé 35. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2019 sọ ọ́ di ọdún 15 sí 29. Àmọ́ níwájú òfin, ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 sọ pé ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Ìpínlẹ̀ Èkó sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ ní 2007.

Nítorí náà, ọmọkùnrin ọdún 17 tó ti ní irùngbọ̀n, tó ga jù yín lọ, tó sì ń fi owó ara rẹ̀ ra data, ọmọdé ṣì ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí a máa padà sórí rẹ̀.

Ọpọlọ rẹ̀ náà ṣì ń dàgbà. Apá ọpọlọ tó wà lẹ́yìn iwájú orí ló ń bá wa ro ẹ̀yìn ọ̀la, òun ló ń sọ pé "dúró ná." Apá yìí kì í parí ìdàgbàsókè rẹ̀ títí èèyàn fi máa lé ní ọdún 20 dáadáa. Àmọ́ apá tó ń fẹ́ adùn, tó ń fẹ́ káwọn ẹgbẹ́ yìn ín, ti ta jí tipẹ́. Ẹ fojú inú wo mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára tí bíréèkì rẹ̀ kò tíì gbó. Kì í ṣe pé ọmọ náà kò gbọ́n. Ó lè ṣàlàyé ewu fún yín ju bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lọ, kó sì lọ ṣe nǹkan náà ní wákàtí kejì.

Ní 2005, àwọn olùwádìí 2 ní Amẹ́ríkà, Margo Gardner àti Laurence Steinberg, fi géèmù ọkọ̀ wíwà dán àwọn èèyàn wò. Àwọn kan dá wà nídìí géèmù náà, àwọn kan wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn. Nígbà tí ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, ewu tí àwọn ọ̀dọ́langba ń kó ara wọn sí pọ̀ ju ìgbà tí wọ́n dá wà lọ. Ti àwọn àgbà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Kí ni èyí kọ́ wa? Pé ọmọ tó bá yín sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ nígbà tó dá wà, tó wá ń fọ́nnu níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò yí padà di ọmọ mìíràn. Ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀, ẹ óò rí ọmọ tẹ́lẹ̀ yẹn padà.

Oorun náà ńkọ́? Ní ọjọ́ orí yẹn, aago inú ara wọn máa ń sún síwájú, oorun kì í tètè kùn wọ́n lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ara wọn sì nílò oorun wákàtí 8 sí 10. Ìdí nìyẹn tí a fi fi kíláàsì wa sí ọ̀sán. Kí ẹ tó pe ọmọ tó ń tòògbé ní ọ̀lẹ, ẹ bi í léèrè ìgbà tó sùn.

Èkejì: ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fetí sílẹ̀

Ẹ gbọ́ ìtàn kan. Ọmọ ọdún 17 kan bá mi lẹ́yìn kíláàsì. Ó ní, "Àǹtí, mi ò ṣe WAEC mọ́. Àwọn bọ́ìsì àdúgbò wa tí wọ́n ń tẹ kọ̀ǹpútà, wọ́n ti ń ra mọ́tò."

Gbogbo yín mọ ohun tí "títẹ kọ̀ǹpútà" túmọ̀ sí níbẹ̀ yẹn. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sẹ́nu èèyàn ni ìwàásù. EFCC á wọ̀ ọ́, ẹ̀wọ̀n á wọ̀ ọ́, ìyà ìran á wọ̀ ọ́. Àmọ́ ọmọ náà ti gbọ́ gbogbo ìyẹn rí. Tí ẹ bá tún un sọ, ó máa gbèjà ara rẹ̀, bó bá sì ṣe ń gbèjà ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà á ṣe máa wọ̀ ọ́ lọ́kàn sí i.

Onímọ̀ ìhùwàsí ọmọ Amẹ́ríkà kan, William Miller, kíyè sí èyí nígbà tó ń bá àwọn tí ọtí ti dì mú ṣiṣẹ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1983. Lẹ́yìn náà, òun àti Stephen Rollnick, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Wales, gbé ìwé kan jáde lórí rẹ̀ ní 1991. Kókó ọ̀rọ̀ wọn kò le: tí o bá ti èèyàn, á tì ọ́ padà. Jẹ́ kí ẹnu òun fúnra rẹ̀ sọ ìdí tó fi yẹ kó yí padà. Irinṣẹ́ 4 ni wọ́n ń lò. Wọ́n ń béèrè ìbéèrè tí kì í ṣe "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" ni ìdáhùn rẹ̀. Wọ́n ń yin ohun gidi tí wọ́n bá rí lára onítọ̀hún. Wọ́n ń dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà fún un kó gbọ́ ọ. Tó bá yá, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ jọ.

Ohun tí mo ṣe pẹ̀lú ọmọ yẹn nìyẹn. Mo ní, "Kí lo rí lára wọn tó wù ọ́ jù?"

Ó ní, "Owó ni, Àǹtí. Màmá mi ń ta ẹ̀kọ. Ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n, wọn ò lè dúró pẹ́ mọ́."

Mo ní, "Ìyẹn ni pé kì í ṣe mọ́tò ló wà lọ́kàn rẹ. O fẹ́ kí màmá rẹ jókòó sinmi."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọmọ tó ń ro ti ìyá rẹ̀ ni ẹ́. Tí màmá bá wá mọ ibi tí owó náà ti wá, kí lo rò pé wọ́n máa ṣe?"

Ó dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Ó wá ní, "Wọn ò ní jẹ ẹ́."

"Wọn ò ní jẹ ẹ́" yẹn, ẹnu ọmọ náà ló ti jáde. Ó níye lórí ju ìwàásù wákàtí 1 tí mo lè ṣe lọ. N kò ní parọ́ fún yín pé ó yí padà lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ó padà wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a sì ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ: iṣẹ́ wo ló lè ṣe lẹ́yìn ilé ìwé, èló ni wọ́n ń san, báwo ló ṣe lè ṣe é kó sì tún kọ ìdánwò rẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, kí ọmọ padà wá lèrè àkọ́kọ́.

Ẹ kíyè sí ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Òun ló ṣòro jù. Tí ẹ bá béèrè ìbéèrè tán, ẹ ka 1 dé 10 nínú ara yín kí ẹ tó tún sọ̀rọ̀. Kí ẹ sì da ojú fóònù yín bolẹ̀. Ọmọ tó rí i pé ojú yín ń lọ sórí WhatsApp ti mọ̀ pé òun kọ́ ni ẹ ń gbọ́.

Ẹ̀kẹta: ẹ bá wọn wí láì tàbùkù wọn

Fífetí sílẹ̀ kò ní kí ẹ má bá ọmọ wí. Àwọn àgbà ní tí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi ti òsì fà á mọ́ra. Èèyàn pọ̀ tó mọ ti ọwọ́ ọ̀tún nìkan.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀wọ́ tuntun bá wọlé, àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń kọ òfin sórí páálí. Àwọn ló ń sọ pé ẹni tó bá pẹ́ á gbá ilẹ̀, ẹni tó bá bú ẹlòmíràn á tọrọ àforíjì níwájú gbogbo kíláàsì. Nígbà mìíràn, òfin wọn le débi pé èmi ni mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ẹnì kan bá wá rú u, kì í ṣe òfin mi ló rú. Òfin gbogbo wọn ni. Ọ̀kan náà ni òfin yìí fún ọmọ káńsílọ̀ àti ọmọ alágbàfọ̀. Ọ̀dọ́ lè fara da òfin tó le. Ojúsàájú ni wọn kì í dárí jini.

Tí ẹ bá fẹ́ bá ọmọ wí, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí gbogbo èèyàn ti lè rí yín àmọ́ tí wọn kò lè gbọ́ yín. Ẹ dárúkọ ohun tó ṣe, ẹ má fún òun ní orúkọ tuntun. "O mú fóònù Báyọ̀ láì tọrọ" yàtọ̀ sí "olè ni ẹ́." Èyí àkọ́kọ́, ó lè tún un ṣe lónìí. Èyí kejì, á rù ú délé, bó bá sì pẹ́ tó ń rù ú, ó lè pinnu láti jẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í: kí ló ṣẹlẹ̀, ta ló dùn, báwo la ṣe máa tún un ṣe? Tí ọ̀rọ̀ bá parí, ó parí. Ẹ má hú u jáde ní oṣù tó ń bọ̀.

Ẹ̀kẹrin: ẹ fa ìlà síbi tó yẹ

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ẹ̀yin ọmọ ọdún 23, ọmọbìnrin ọdún 16 ń bọ̀ ní lẹ́sìnnì yín. Ẹ jọ ń gbọ́ orin kan náà, ẹ jọ ń rẹ́rìn-ín sí fídíò kan náà lórí TikTok. Ó ní nọ́ńbà yín. Ní aago 11 alẹ́, ó kọ "ẹ ti sùn?" ránṣẹ́ sí yín. Kí lẹ máa ṣe?

Ìpinnu yẹn kì í ṣe èyí tí èèyàn ń ṣe ní aago 11 alẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló yẹ kí ẹ ti ṣe é. Tiwa rèé. A kì í bá ọmọ kankan sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀ lórí fóònù. Inú gúrúùpù tí àgbà mìíràn wà níbẹ̀ la ti ń kọ̀wé, kì í sì í kọjá aago 8 alẹ́. A kì í dá wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. A kì í yá wọn lówó, a kì í sì í yá lọ́wọ́ wọn. A kì í gbé fọ́tò ọmọ sórí status láì béèrè lọ́wọ́ òun àti òbí rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé ọmọ lọ síbì kan, ẹ jẹ́ kí àgbà kejì wà nínú ọkọ̀, kí ilé ọmọ náà sì mọ̀.

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣé olè ni mí ni?" Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà yìí ń dáàbò bo ọmọ, ó sì ń dáàbò bo orúkọ yín. Ohun tí mo ní ká fi sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà rèé: Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sọ pé ẹni tó bá bá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lòpọ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n gbére jura. Kò sí pé "ó gbà fún mi." Kò sí pé "mo rò pé ó ti pé 18." Òfin náà ti ilẹ̀kùn méjèèjì.

Ẹ̀karùn-ún: ẹ má ṣèlérí àṣírí tí ẹ kò lè pa mọ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti wúwo jù lónìí rèé, ẹ bá mi fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Ọmọ kan máa wá bá yín lọ́jọ́ kan. Á ní, "Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín, àmọ́ ẹ ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni." Ó máa wù yín láti sọ pé "mo ṣèlérí." Ẹ má ṣe é. Tó bá wá jẹ́ pé ẹnì kan ń fipá bá a lòpọ̀ nílé, ohun 2 péré ló kù yín kù: kí ẹ da ọmọ, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ nínú iná.

Ohun tó yẹ kí ẹ sọ nìyí: "Inú mi dùn pé èmi lo fẹ́ sọ ọ́ fún. Ọ̀rọ̀ rẹ ò ní di ọ̀rọ̀ ọjà lẹ́nu mi. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ń ṣe ọ́ níbi, tàbí pé ẹ̀mí rẹ tàbí ti ẹlòmíràn wà nínú ewu, màá ní láti wá ẹni tó lè ràn wá lọ́wọ́. Màá sọ ẹni náà fún ọ kí n tó bá a sọ̀rọ̀." Nínú ohun tí mo ti rí, púpọ̀ nínú wọn ṣì máa ń sọ ọ́. Ọmọ kì í fẹ́ dá ẹrù náà rù.

Tó bá wá sọ ọ́ ńkọ́? Ẹ gbà á gbọ́. Ẹ sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ má bi í pé kí ló wọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ má bi í pé kí ló dé tí kò pariwo. Ẹ má ṣe é bí ọlọ́pàá, torí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa béèrè ìbéèrè tó kù. Tí ẹ bá kúrò níbẹ̀, ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò. Ẹ má lọ ko ẹni tí ọmọ náà dárúkọ lójú. Ẹ lè fi ìyẹn sọ ìyà ọmọ náà di ìlọ́po 2 lálẹ́ ọjọ́ náà.

Tó bá jẹ́ pé ìfipábánilòpọ̀ ni, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, aago ti ń ṣiṣẹ́. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ wọ ara láàárín wákàtí 72, bó bá sì ṣe yá tó ló dára tó. Oògùn tó ń dènà oyún náà ní àkókò tirẹ̀. Kí ọmọ náà má tíì wẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọ aṣọ tó wọ̀. Inú báàgì oníwèé ni kí wọ́n kó aṣọ náà sí, kì í ṣe ọ̀rá. Ní Èkó, Mirabel Centre wà nínú ọgbà LASUTH ní Ìkẹjà. Ó ti wà níbẹ̀ láti 2013, wọ́n ń tọ́jú ẹni tí wọ́n fipá bá lòpọ̀, wọn kì í sì í gba owó. Ìpínlẹ̀ Èkó tún ní àjọ kan tó dúró fún ọ̀rọ̀ yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní DSVA. Ìgbìmọ̀ ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ó sì di àjọ lábẹ́ òfin ní 2021. Ẹ wá nọ́ńbà wọn lónìí, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù. Ẹ̀yin tó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ ṣèwádìí tiyín kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀.

Ẹ múra sílẹ̀ fún ohun kan. Àgbà kan máa wá bá yín, ó lè jẹ́ ẹbí, ó lè jẹ́ aṣáájú ẹ̀sìn. Á ní, "Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé. Ẹ má jẹ́ káyé gbọ́." Ẹ kí wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, àmọ́ ẹ má tìtorí ẹ̀ dúró. Orúkọ ilé tó yẹ ká dáàbò bò, orúkọ ọmọ náà wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà: "ayé yìí ti sú mi"

Ọmọ lè má sọ ọ́ tààrà. Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ohun tó fẹ́ràn tọrẹ. Ó lè ní, "Tí n kò bá sí níbí mọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Ìbẹ̀rù wa ni pé tí a bá bi í, a máa kó o sí i lórí. Àwọn olùwádìí ti wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, kò rí bẹ́ẹ̀. Bíbéèrè kì í gbin èrò náà sí ọkàn. Ìtura ló máa ń jẹ́ fún ẹni tó ti ń dá a rò.

Nítorí náà, ẹ bi í ní gbangba ọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́: "Ṣé o ti ń ronú àtipa ara rẹ?" Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má pariwo, ẹ má pè é ní ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ mú ohunkóhun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí. Ẹ pe òbí tàbí àgbà kan nílé tí ọkàn ọmọ náà balẹ̀ sí, kí ẹ sì tẹ̀ lé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

A ti sọ "Yaba Left" di àwàdà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé ìwòsàn tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn ti wà láti 1907, àwọn èèyàn sì ń lọ síbẹ̀, wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n ń padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, láti 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ti fi hàn pé aláìsàn ọpọlọ lè máa gbé ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, kó sì máa gba ìtọ́jú. Gbogbo ayé wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹ ṣọ́ àwàdà tí ẹ ń dá níwájú àwọn ọmọ. Èyí tó nílò ìrànlọ́wọ́ jù lè wà láàárín wọn, kó máa rẹ́rìn-ín pẹ̀lú yín, kó sì pinnu nínú ara rẹ̀ pé òun ò ní sọ.

Ẹ̀keje: ẹ jẹ́ kí ọwọ́ tiwọn náà wà níbẹ̀

Ní 1992, Roger Hart ya àkàbà kan fún UNICEF láti fi wọn bí a ṣe ń jẹ́ kí ọmọdé kópa nínú nǹkan. Àtẹ̀gùn 8 ló ní. Mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀, Hart ní kì í ṣe ìkópa rárá. Ọ̀kan nínú wọn ni kí a wọ ọmọ láṣọ bí ohun ọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún, ọjọ́ àwọn ọmọdé, a kó wọn sínú oòrùn, a fún wọn ní T-shirt tí orúkọ olóṣèlú wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kọrin, wọ́n lọ sílé. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ohun kan.

Lókè àkàbà náà, ọmọ ló mú àbá wá, òun àti àgbà sì jọ ń pinnu. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lókè pátápátá. Ẹ fún wọn ní ìpinnu kékeré tó jẹ́ ìpinnu gidi. Tiwa ni owó oúnjẹ. Iye kan la ní fún oṣù kan, àwọn ọmọ 3 ló ń ṣírò rẹ̀, wọ́n ń lọ sọ́jà, wọ́n ń mú àkọsílẹ̀ wá. Ní oṣù kan, wọ́n ná owó ọ̀sẹ̀ 4 ní ọ̀sẹ̀ 3. Ní ọ̀sẹ̀ tó kù, gààrí la mu. Kò sẹ́ni tó kú. Láti ìgbà náà, ọjà rírà wọn dára ju tèmi lọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Tó bá jẹ́ pé àgbà nìkan ló ń gbọ́n níbi tí ẹ wà, ìlú kò ní dúró.

Ẹ tọ́jú ara yín náà

Ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wúwo máa ń gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sílé. Ẹ wá àgbà kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí ẹ lè máa bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láì dárúkọ ọmọ. Ẹ mọ ibi tí iṣẹ́ yín mọ. Ẹ kì í ṣe dókítà, ẹ kì í ṣe adájọ́, ẹ kì í sì í ṣe olùgbàlà ẹnikẹ́ni. Afárá ni yín, láti ọ̀dọ̀ ọmọ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè ṣe èyí tó kù. Afárá tó bá wó kò gbé ẹnikẹ́ni kọjá.

Iṣẹ́ ilé tí mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ yìí kò pọ̀. Ẹ wá nọ́ńbà ibi 3 tí ẹ lè gbé ọmọ lọ tí ọ̀rọ̀ bá le, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ń gbé e. Ẹ kọ ìlà tiyín sílẹ̀, kí ẹ fi han àgbà kan. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ọmọ kan ní ìbéèrè 1, kí ẹ sì dákẹ́ títí tó fi máa dáhùn.

Tí ẹ bá mọ kóòṣì kan, tíṣà lẹ́sìnnì kan, tàbí ọ̀gá kan tó ní ọmọ iṣẹ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i. Ẹ bá wa sọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ tiyín, torí a ṣì ń kọ́ ọ ni. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.